Dígí Tó Wà Lẹ́yìn Kàlẹ́ńdà

Bí ẹ bá ń rìn ní Pópó Àgùdà, tí ẹ rí ilé àtijọ́ kan tí ara rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀, lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí lẹ́tà méjì níbẹ̀, S àti K, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ṣóńṣó tírówẹ̀lì ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú sìmẹ́ǹtì nígbà tó ṣì tutù. Ilé mọ́kànlá ni wọ́n kọ àmì yìí sí lára, láti Pópó Àgùdà títí dé ìtòsí Èbúté Èrò. Síkírù ọmọ Kàmọ́rù ló kọ gbogbo rẹ̀, ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, kò sí ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn láyé tó lẹ́tà méjì yẹn. Ká ní ó mọ ohun tí lẹ́tà méjèèjì máa wí nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kan ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ì bá fi ha wọ́n dànù. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹ̀yìn ọ̀la?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Síkírù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fà á lé Ọ̀gá Lùkúmọ̀n lọ́wọ́ pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà l'Ékòó. Ọ̀gá Lùkúmọ̀n yìí, ẹ ò lè rí irú rẹ̀ mọ́. Ilé amọ̀ àwọn Àgùdà ni iṣẹ́ tirẹ̀, àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn tó ti Bùràsíìlì dé kọ́ láyé àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n fi òdòdó àti ẹyẹ dárà sí iwájú wọn. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ń bó lára, Ọ̀gá Lùkúmọ̀n kì í fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì. Ìkarahun inú ọ̀sà ló máa ń sun, á lọ̀ ọ́, á fi iyanrìn àti omi pò ó, á sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kó tó fi rẹ́ ògiri. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún un á máa pariwo, òun á máa jẹ obì rẹ̀. "Ilé amọ̀ máa ń làágùn bí èèyàn," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ fún Síkírù. "Bí o bá dí i lára, inú ni yóò ti kú. O ò sì ní gbọ́ igbe rẹ̀."

Síkírù gbọ́. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ ọ̀tọ̀, gbígbà ọ̀tọ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kú, tí òun náà di ọ̀gá, ta ló tún fẹ́ dúró de ìkarahun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta l'Ékòó yìí? Sìmẹ́ǹtì wà ní gbogbo ojú ọ̀nà, ọjọ́ méjì ló fi ń gan, ó sì le ju amọ̀ lọ fíìfíì. Ohun tó bá le náà ló dára, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí Síkírù ṣe rò ó nìyẹn, ká má paró, èmi náà ì bá rò ó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáká. Bí ó bá rẹ́ ògiri tán, eṣinṣin ò ní rí ibi dì mú lára rẹ̀.

Ilé tó sọ ọ́ di olókìkí ni Ilé Ẹyẹlé. Ẹyẹlé mẹ́fà tí wọ́n fi amọ̀ mọ ló wà lókè fèrèsé iwájú rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ onílé ti fọ́n káàkiri, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ sí ní Nàìjíríà mọ́, ó wá ku Ìyáàfin Ọláyẹmí, tó ń gbé ní Ìkẹjà, láti máa bójú tó o. Obìnrin yìí ò burú o. Kò kàn fẹ́ràn ìròyìn tí kò dáa ni. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó pe Síkírù, ó ní, "Bàbá Taslimah, ẹ bá mi tún ilé yìí ṣe kí oṣù tó parí. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù fẹ́ yá gbọ̀ngàn òkè." Síkírù kó sìmẹ́ǹtì dé. Kí oṣù tó parí, ilé náà ti di arẹwà. Inú Ìyáàfin Ọláyẹmí dùn débi pé ó fún un ní yàrá méjì nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, pé kí òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn máa gbébẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa ṣọ́ ilé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí yàrá méjì lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ ní Erékùṣù. Àwọn onílé yòókù rí iṣẹ́ náà, wọ́n ránṣẹ́ pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ilé tó kọjú sí Ilé Ẹyẹlé gan-an. Bí S.K. ṣe di mọ́kànlá nìyẹn.

Àwọn oníṣẹ́ fíìmù tí mò ń wí yìí ló dá Àjọ̀dún Fíìmù Ìloro sílẹ̀. Inú ìloro ilé kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun kan tí wọ́n so mọ́ ògiri àti ogún àga. Wọn kì í ṣe àwọn olówó tó ń gbé fíìmù lọ sí sinimá ńlá. Àwọn tó ń fi owó àpò ara wọn ya fíìmù ni, wọ́n á ti Ìbàdàn wá, wọ́n á ti Àkúrẹ́ wá, àwọn kan á ti Kútọnu dé, ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, fún ọjọ́ mẹ́rin. Láàárọ̀ ni kíláàsì: bí a ṣe ń di kámẹ́rà mú kí ọwọ́ má gbọ̀n, bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, bí a ṣe ń gé fíìmù tó gùn jù. Lọ́sàn-án, wọ́n á ta aṣọ dúdú bo fèrèsé gbọ̀ngàn òkè Ilé Ẹyẹlé, wọ́n á máa wo fíìmù. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ti ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí kò bá tíì pé ogún ọdún á fi fóònù ya fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta nípa ilé tó ń gbé. Olúwadámilọ́lá, ọmọ Lafiaji kan tí kì í jókòó lójú kan, ló ń darí gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún yìí, Taslimah, ọmọ kan ṣoṣo tí Síkírù bí, pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì wọ ìdíje. Ẹni tó bá gbapò kìíní máa lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù fún odidi ọdún kan láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ náà ò ro nǹkan mìíràn mọ́, bó jẹun, bó sùn, fíìmù ni. Mùtíátù ìyá rẹ̀, tó ń bá wọn ta mílíìkì àti ṣúgà ní Òkè Àrin, ti rán bùbá tuntun de ọjọ́ náà.

Síkírù nìkan ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ńlá oṣù kẹfà ló bẹ̀rẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn òkè lanu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn. Kò tóbi, bébà lásán ló lè gba ibẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ìpìlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun kan lẹ́yìn ilé ni, Síkírù sì gbà pé ìyẹn ló fà á. Ó fi sìmẹ́ǹtì dí i. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ó tún lanu. Ó tún dí i. Ó tún lanu lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá ṣe ohun tí Ọ̀gá Lùkúmọ̀n kọ́ ọ: ó gé dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ìka, ó gbé e dábùú ẹnu náà, ó fi sìmẹ́ǹtì lẹ orí rẹ̀ mọ́ apá kan, ó lẹ ìdí rẹ̀ mọ́ apá kejì. Ẹlẹ́rìí ni àwọn bíríkìlà àtijọ́ ń pe irú dígí bẹ́ẹ̀. Bí ògiri bá dúró jẹ́ẹ́, dígí á wà bó ṣe wà. Bí dígí bá ṣẹ́, ògiri ń rìn nìyẹn, kí onílé kó jáde, kò sí àlàyé mìíràn. Síkírù mú kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àdínì kan, ó fi kọ́ iwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kírun àsùbáà tán, á gun òkè lọ, á ká kàlẹ́ńdà sókè, á wò, á sọ ọ́ kalẹ̀. Dígí wà. Á ní, "Alhamdulilahi," á sọ̀kalẹ̀ lọ wá nǹkan fi sẹ́nu. Ó pe Ìyáàfin Ọláyẹmí lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù. Ó ní, "Màdáámù, ògiri kan ń lanu lókè o."

Obìnrin náà ní, "Ẹ bá mi dí i, Bàbá Taslimah. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ rẹ́ ẹ? Tí ẹ bá ní ilé ò dáa, a máa wó o nìyẹn. Ibo wá lẹ̀yin náà ń kó lọ?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ó sọ, òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ló sì pa Síkírù lẹ́nu mọ́.

Ní Ọjọ́rú tí àjọ̀dún bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá kan sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn gan-an, nítorí ibẹ̀ ni wáyà mọ. Wọ́n gbé sípíkà méjì tó ga tó èèyàn sínú gbọ̀ngàn. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ni Síkírù fi ń gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀. Ife ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ó lọ bá wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé e jìnnà sí ògiri, wọ́n ní, "Bàbá, wáyà ò ní tó." Ó yí padà.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ká kàlẹ́ńdà náà sókè mọ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀, pé àga lòun ń tò, pé omi lòun ń pọn. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí ọmọ òun jẹ oúnjẹ orí rẹ̀, lẹ́yìn náà Ọlọ́run á ṣọ̀nà. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Mélòó nínú wa ló ń lọ sọ́sibítù nígbà tí nǹkan kan bá wú sí wa lára? A máa ń fi aṣọ bò ó ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, gbọ̀ngàn òkè ti kún bámúbámú. Ó lé ní ogóje èèyàn: àwọn òbí, àwọn ọ̀dọ́, àwọn oníṣẹ́ fíìmù, àwọn aládùúgbò tó kàn fẹ́ wá wòran. Ìyáàfin Ọláyẹmí jókòó níwájú pátápátá pẹ̀lú àwọn adájọ́ mẹ́ta. Mùtíátù wà ní ìlà kejì nínú bùbá rẹ̀. Síkírù ò jókòó. Ẹ̀yìn ló dúró sí, lẹ́nu ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn, kàlẹ́ńdà náà wà nítòsí èjìká rẹ̀, òógùn sì bo gbogbo ara rẹ̀, ó sì ń wo fèrèsé tí wọ́n fi aṣọ bò bíi pé ooru ló fà á.

Fíìmù karùn-ún ni ti Taslimah. Nígbà tí ojú aṣọ funfun mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí Síkírù rí ni ẹ̀yìn ara rẹ̀. Òun rèé nínú jalamia àárọ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn, fóònù ń tẹ̀ lé e láti ibi kọ̀rọ̀. Ó dé ibi ògiri, ó ká kàlẹ́ńdà sókè, ó wò, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ohùn ọmọ rẹ̀ jáde: "Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló máa ń lọ kí ẹnì kan lẹ́yìn kàlẹ́ńdà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì, fìlà mìíràn, bákan náà ni. Ọjọ́ kẹta, ó ń yán, ó ká a sókè, ó wò. Ọjọ́ kan, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó lu, ẹ̀rín pa gbogbo ilé, Mùtíátù fi ọwọ́ bojú. Inú Síkírù dùn, ojú sì ń tì í, kò mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohùn ọmọ náà yí padà.

"Láti Ọjọ́bọ̀, bàbá mi ò wá mọ́. Lánàá, mo lọ wò ó fúnra mi."

Ọwọ́ kékeré kan jáde, ó ká kàlẹ́ńdà sókè. Dígí náà rèé, ó tóbi tó àga lójú aṣọ funfun. Ó ti ṣẹ́ sí méjì. Apá kan ti sá fún èkejì, ìka méjì lè gba àárín wọn.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," bẹ́ẹ̀ ni Taslimah wí nínú fíìmù. "Mo rò pé èmi ni mo fọ́ ọ nígbà tí mò ń gbé fóònù sún mọ́ ọn. Mi ò mọ ohun tó wà fún, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Màá ra òmíràn fún yín."

Fíìmù parí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, olórí àwọn adájọ́ ń nu ojú rẹ̀. Síkírù gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nínú ògiri. Ó na ọwọ́, ó ká kàlẹ́ńdà sókè. Ìka méjì ti di ti àná. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ẹnu náà títí dé ọrùn ọwọ́, inú ibẹ̀ sì tutù, ó ń rùn bí ilẹ̀ kànga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ kó yé yín. Bí Síkírù bá sọ̀rọ̀, yàrá méjì ti lọ nìyẹn, òun àti Mùtíátù á máa wá ibi forí pamọ́ sí, ọjọ́ ọmọ rẹ̀ á sì bàjẹ́ lójú gbogbo ayé. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ogóje èèyàn ló wà lórí ilẹ̀ pákó gbọ̀ngàn yẹn, ọmọ rẹ̀ àti ìyá ọmọ rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Kò pẹ́ lórí rẹ̀ rárá. Ohun tó dá a dúró ni ọ̀nà tó máa gbà sọ ọ́. Bó bá lọgun, wọ́n á sáré. Bí wọ́n bá sáré, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà kò ní gbà wọ́n, bí ẹsẹ̀ ogóje èèyàn bá sì kilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri á ti bá wọn kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀.

Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ síwájú. Ó bá Dámilọ́lá níbi tó ti di máìkì mú, ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Ọmọ mi, fún mi ní nǹkan yẹn. Má bi mí ní ìbéèrè kankan. Ká aṣọ dúdú kúrò lójú fèrèsé, kí wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀." Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ohun tó rí níbẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó gbé máìkì fún un.

Síkírù tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó kí Ìyáàfin Ọláyẹmí, ó kí àwọn adájọ́. Ó ní nínú ilé yìí, láti ayé Bàbá Àgùdà tó kọ́ ọ, a kì í fún ọmọ ní ẹ̀bùn lábẹ́ òrùlé. Ìta ni, ní òdìkejì títì, kí ẹyẹlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè máa wo onítọ̀hún, kí wọ́n sì lè bọ́ sínú fọ́tò. Ó ní ìlà ẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n di igi àtẹ̀gùn mú, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, torí ilé àgbàlagbà ni.

Irọ́ funfun báláú. Kò sí irú àṣà bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń fi sìmẹ́ǹtì bo ẹnu ògiri láti ogójì ọdún, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ó máa ṣòro fún un láti fi ọ̀rọ̀ dídán bo ẹ̀rù? Mùtíátù nìkan ló mọ̀. Ọdún márùn-ún tí wọ́n fi gbé ilé yẹn, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó yíjú wo ọkọ rẹ̀, ó rí òógùn ojú rẹ̀. Ó dìde, ó di ìyá arúgbó tó jókòó tì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ ya fọ́tò." Bí àwọn obìnrin yòókù ṣe rí i, wọ́n tẹ̀ lé e.

Wọ́n ń lọ, mẹ́wàá mẹ́wàá. Síkírù dúró ti ògiri, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni ń wo ara ọmọ bóyá ó gbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni. Òun ló sọ̀kalẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lójú títì, gbogbo nǹkan dùn. Àwọn adájọ́ ti wo gbogbo fíìmù láàárọ̀, olórí wọn sì pe Taslimah pé òun ló gbapò kìíní. Ọmọ náà sunkún, ìyá rẹ̀ jó, àwọn tó ń gbé ilé òdìkejì jáde sí bàákónì wọn tọmọtọmọ. Wọ́n ya fọ́tò. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, mi ò ní máa sọ ìtàn.

Ìyáàfin Ọláyẹmí wo aago rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sókè. Fíìmù méjì ló kù, èmi náà ò tíì sọ̀rọ̀ tèmi." Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì fi fíìmù wọn hàn ti ń sọdá títì.

Síkírù dínà fún wọn. Ó wá sọ òótọ́ gbangba, láì fi nǹkan kan bò ó. "Ògiri yẹn ń bọ̀ nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé mọ́."

Ìyáàfin Ọláyẹmí rìn lọ sí ara ògiri, ó fi oríkèé ìka kan án. Kó, kó, kó. Ó le bí àpáta. Ó kan ibòmíràn, bákan náà. "Bàbá Taslimah," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ga, "ẹ̀yin lẹ rẹ́ ilé yìí. Orúkọ yín ló wà níbí yìí. Kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fẹ́ fi bà mí lórúkọ jẹ́ lójú àwọn èèyàn?" Ọkùnrin kan lára àwọn òbí náà kan ògiri, ó ní ògiri yìí ì bá wu òun nílé òun. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ tún ń bọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ́rìí takò ó. Ó dára jù.

Síkírù wọ yàrá rẹ̀, ó mú òòlù àti ṣísẹ́lì jáde. Ó ní kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ilé òdìkejì. Ó kúnlẹ̀ níwájú S.K. Ilé Ẹyẹlé, S.K. tó kọ́kọ́ kọ láyé rẹ̀, ó gbé ṣísẹ́lì lé àárín lẹ́tà méjèèjì, ó sì lu ú. Mo sọ fún yín pé àwọn lẹ́tà yẹn ṣe ọ̀wọ́n sí i. Ìgbà mọ́kànlá ló lu ú kí sìmẹ́ǹtì tó ya, bó ṣe le tó nìyẹn. Èépá rẹ̀ kan ṣí kúrò bí ideri ìkòkò.

Amọ̀ kọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ti jẹ́ amọ̀ rí ni. Ó ń ṣàn jáde, ó pọ́n, ó rọ̀ bí ògì, omi òjò ọdún márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, tí kò rí ọ̀nà jáde. Ó bo orúnkún Síkírù, kò sì dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyáàfin Ọláyẹmí fi ọwọ́ bo ẹnu.

Síkírù bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ìgbà tó fi ń dá ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn ilé lẹ́bi, tó fi ń dá jẹnẹrétọ̀ lẹ́bi, ohùn ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀, kò kàn tẹ́tí sí i ni. Bí o bá dí i lára, inú ni yóò ti kú. Kì í ṣe pé ìpìlẹ̀ ẹnikẹ́ni pa ilé yìí. Òun ló pa á, pẹ̀lú ọwọ́ tó dá ṣáká, ó sì fọwọ́ sí i.

Ó gbọ́ ohun kan nínú ilé, bí ìgbà tí ẹni tó sùn bá mí kanlẹ̀. Ó sọ òòlù nù, ó sáré sọdá títì. Ògiri ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ lọ, gbọ̀ngàn òkè bá a lọ, tòun tàga, tòun ti sípíkà, ẹyẹlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì já bọ́ sójú títì. Eruku gba gbogbo Pópó Àgùdà. Nígbà tó fi máa rọlẹ̀, Dámilọ́lá ti ka èèyàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pé. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún, àwọn ọkùnrin ń gbá Síkírù mọ́ra, Taslimah di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ẹni Ọlọ́run rán.

Kò gbọ́ wọn. Ojú rẹ̀ ti wà níbòmíràn.

Ogóje èèyàn fẹ̀yìn ti ilé òdìkejì, bó ṣe sọ fún wọn. Ògiri rẹ̀ ń dán nínú eruku. Bàákónì òkè kún fún àwọn ọmọdé tó ń nawọ́ sí ibi tí Ilé Ẹyẹlé wà tẹ́lẹ̀. Mùtíátù wà lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, ó gbé gbogbo ara lé ògiri náà, ó ń fi ìwé àjọ̀dún fẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, lẹ́tà méjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà.

Eruku ti gba ọ̀fun Síkírù. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ohùn rẹ̀ jáde. "Mùtíátù. Rọra kúrò lára ògiri yẹn."

Mùtíátù rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárín omijé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì, gbọin gbọin. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá Taslimah," ó ní. "Ti ibí yìí le. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ṣe é."